Ṣé ilé ni àbí ọ̀rẹ́ ló ń sọni di ẹni téèyàn ń dà?

Màmá Tolú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ọmọ mi ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ bíi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní síkúùlù, àní bó ṣe ń rìn gan-an ti yí padà, ẹ̀rù ń bà mí o.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Ẹ wo Fẹlá, màmá ẹ̀ ló ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó kọ owó orí, síbẹ̀ ìgbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1969 tó pàdé Sandra, obìnrin kan tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ló wá ń fi orin jà.

Àdùkẹ́: Ìyá mi kì í wọn gàrí kó má bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, èmi náà ń ta ẹ̀wà báyìí, ọwọ́ mi á kàn bu èènì fúnra ẹ̀ ni. Ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá jẹun nílé, mà.