Ṣé ìgbàgbọ́ tèmi ni àbí mo kàn ń yá ti ẹlòmíì lò?

Télọ̀ Takie
Ẹ kúulé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá àrùn rọpárọsẹ̀ mú màmá mi, a gbààwẹ̀, a ṣe ìṣọ́ òru, gbogbo ìjọ bá wa gbàdúrà, màmá pàpà kú. Látìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti sú mi. Mi ò ní Ọlọ́run ò sí o, ó kàn rẹ̀ mí ni. Tí Sunday bá ti dé màá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí, màá máa wa máṣíìnì kíkankíkan kí n sáà má gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá kan wà nínú ẹgbẹ́ W.M.U. wa (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi), tíṣà ni wọ́n. Wọn ò wàásù fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á kàn yà tí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n á jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n á máa bá mi já òwú lára aṣọ tí mo bá tú, tí ilẹ̀ bá ń ṣú wọ́n á ní "ó yá, jẹ́ ká ka Baba Wa", a ó kà á, wọ́n á lọ. Ọjọ́ míì mi ò ní lanu rárá, àwọn nìkan ni wọ́n á kà á tán. Bó ṣe di pé mo tún bá ara mi ní Sunday School nìyẹn, mi ò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí wọ́n ti gbé ọkọ wọn lọ sí Ìlọrin níbi iṣẹ́, òpin oṣù yìí ni wọ́n ń kó lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá lọ tán tí mo tún padà sẹ́yìn ńkọ́? Ṣé ìgbàgbọ́ tèmi wá ni àbí tiwọn ni mò ń yá lò?

Bọ̀dé Ọ̀yọ́
Sister ẹ má bínú o, n ó sòótọ́. Kálukú ló máa jíhìn ara ẹ̀. Jeremáyà 17 ní ègún ni fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé èèyàn. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá kúnlẹ̀. Èèyàn á kó lọ, Jésù ò ní kó lọ.

Ọmọ Ajílété
Bọ̀dé, ẹ ka ẹsẹ yẹn parí. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Olúwa ló ń bá wí, màmá tó ń já òwú yìí sì rèé, ọ̀dọ̀ Olúwa ló ń fà á lọ.

Sister, ẹ wo Máàkù. Ilẹ̀ Pámfílíà ló ti pa àwọn Pọ́ọ̀lù tì lẹ́nu ìrìn àjò ìwàásù, ó yíjú sílé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kejì Pọ́ọ̀lù ní òun ò mú un lọ, ọ̀rọ̀ yẹn le débi pé òun àti Bánábà pínyà lórí ẹ̀. Bánábà ló mú Máàkù wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kípírù, kò sì síbi tí wọ́n kọ ohun tó bá a sọ nínú ọkọ̀ sí. Ẹ wá ṣí 2 Tímótì 4, Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ní kí wọ́n mú Máàkù yìí kan náà wá fóun torí ó wúlò fóun. Bánábà ò sí níbẹ̀ mọ́ o. Ṣé ìgbàgbọ́ Bánábà ni Máàkù ń lò nígbà yẹn?

Bàbá Olùkọ́
Ẹ gbọ́ tàgbà díẹ̀. 1855 ni Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ ní 1860, ọdún kejì ni ogun abẹ́lé bẹ́ ní Amẹ́ríkà náà, owó ò wá mọ́, àwọn òyìnbó ń ṣàìsàn, wọ́n ń padà sílé. L'Ékòó, opó kan tó ń jẹ́ Sarah Harden, tí ọkọ ẹ̀ jẹ́ míṣọ́nnárì tó kú ní 1864, òun ló kó ìwọ̀nba ọmọ ìjọ tó kù mọ́ra títí míṣọ́nnárì míì, David, fi dé ní 1875. Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi tẹ́ ẹ̀ ń wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bọ̀dé, tó bá jẹ́ pé kálukú kàn lọ ń dá kúnlẹ̀ ní yàrá ẹ̀ lọ́dún wọ̀nyẹn, ta ni ì bá kù?

Ìyá Ìbejì
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ ti màmá. Nígbà tí bàbá àwọn ìbejì kú, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ fún mi pé Ọlọ́run mọ ohun tó dáa jù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti wọ́n jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé àmàlà láfún wá, ó fọ abọ́ tó kún ilẹ̀, ó lọ. Òun ni mo rántí. Áńgẹ́lì tó bá Èlíjà lábẹ́ igi, oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbé fún un, ìgbà tó gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì ló tó bá a sọ ti ìrìn àjò. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi fọ́tò òdòdó ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sinmi.)

Má dúró kí màmá yẹn lọ tán kó o tó máa wá ẹlòmíì. Sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Kí wọ́n fà ẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́, ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn wá síbi tó o wà, torí ìwé Hébérù ní ojoojúmọ́ ni ká máa gba ara wa níyànjú, kò ní Sunday nìkan.

Télọ̀ Takie
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé gbogbo yín. Bọ̀dé náà, mo gbọ́. Mo ti bá wọn sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn ti ní ẹnì kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ẹni tí wọ́n dárúkọ: ìyàwó díkọ́nì kan tó jẹ mí lówó ìró àti bùbá láti ọdún Àjíǹde! Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n ṣáà gbà, ọ̀la ni wọ́n ń mú wọn bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti nu àga kejì sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Yáa gba owó ẹ kẹ́ ẹ tó ka Baba Wa débi "dárí gbèsè wa jì wá" o 😂