Àkọ́rọ̀ Òjò Lórí Òkè àti Létí Omi: Kí Ni Ojú Yín Rí ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, Ìkògòsì àti Ìdànrè?

Ọmọ Olúmirin
Ẹ kú ọ̀rinrin o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní oṣù Kẹta títí di oṣù Karùn-ún, àlejò kì í wọ́n lágbègbè wa, pàápàá lásìkò ìsinmi ọdún Àjíǹde. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ti dé Olúmirin, Ìkògòsì tàbí òkè Ìdànrè lákòókò yìí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ ìgbádùn, ìbáà jẹ́ ìyà.

N ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi. Ìpele méje ni omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ti àkọ́kọ́, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn àbúrò mi ní àwa yóò dé ìpele kejì. Òjò ti rọ̀ lóru, ewédò ti mú kí àpáta máa yọ̀, gbòǹgbò igi la sì ń dì mú gòkè bí ẹni ń gun àjà. Nígbà tí a débẹ̀, ariwo omi kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa mọ́, ọ̀rinrin rẹ̀ sì ti rin aṣọ wa gbindin kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi ọwọ́ kàn án. Àbúrò mi obìnrin tó ti ń kùn láti ìsàlẹ̀ ló wá kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀.

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Ẹ má wọ sálúbàtà lọ síbẹ̀. Èrò tí mo gbé lọ tó sì fi ẹsẹ̀ rọ́ padà kò kéré.

Àdùkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Olúmirin, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan àwọn èèyàn lọ síbẹ̀ lóṣù Kẹta. Omi náà kò tíì lágbára nígbà náà, àpáta lásán ni ẹ óò máa wò níbòmíràn. Kí wọ́n dúró di oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ti kún ilẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹ bá sì dé òkè téńté, kí ẹ rántí pé ẹsẹ̀ yín ti fẹ́ kan ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kí ẹ má máa pe gbogbo rẹ̀ ní ti Ìjẹ̀ṣà.

Ọmọ Olúmirin
Àdùkẹ́, ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló rí omi náà nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣí lọ láti tẹ Erin-Ìjẹ̀ṣà dó. Ẹ fi tiwa sílẹ̀ fún wa.

Àdùkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
Mo ti gbọ́. Àmọ́ orí òkè tiwa ni omi yín ti ń bọ̀.

Àkàndé Ọdẹ
Lóṣù Kẹsàn-án tí Àdùkẹ́ ń sọ yẹn, agbára omi náà lè gbé ọmọ èèyàn lọ. Ọdẹ ni mí, mo mọ ohun tí omi orí òkè máa ń ṣe nígbà tí òjò bá ń rọ̀ níbi tí ojú ẹ kò dé: níbi tí ẹ dúró sí, oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún ilẹ̀ ti ṣú, kí ẹ tó ṣẹ́jú, omi ti yí àwọ̀ padà, ó ti ń gbé ewé àti igi wẹ́wẹ́ bọ̀. Bí ẹ bá ti rí i tí omi tó mọ́ gaara di pupa, ẹ jáde kúrò nínú rẹ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò. Oṣù Kẹrin ló dára jù fún ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun, bàbá ọdẹ. Nítorí àwọn ọmọ gan-an ni mo ṣe yàn Ìkògòsì láàyò. Omi gbígbóná ń ṣàn lọ́tọ̀, omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀, títí tí wọ́n fi pàdé lójú kan, síbẹ̀ tí a ṣì ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Mo mú àwọn ìbejì mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún Àjíǹde. Táíwò ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú omi gbígbóná, ó ti ti òsì bọ inú tútù, ó sì kígbe pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì ń jà. Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ dá a lóhùn, inú omi gbígbóná ló jókòó sí pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn. Ẹni tó mú wa káàkiri sọ ìtàn ọdẹ kan àti ìyàwó rẹ̀ méjì fún wa, pé àwọn orogún náà ló di omi méjèèjì, onínúfùfù ló di gbígbóná, oníwàtútù ló di tútù. Ó tún sọ pé omi gbígbóná náà tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ní ibi tó ti ń sun jáde.

Olùkọ́ Àgbà
Mọ̀mọ́ Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ 70 yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì tọ̀nà. Omi tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò bó Kẹ́hìndé lára ni. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ti wọ̀n ọ́n sọ pé nǹkan bí 38 ni, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìgbóná ara èèyàn lọ. Kì í ṣe òkè oníná ló ń mú un gbóná. Omi òjò ló ń rì lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ jìnnàjìnnà, níbi tí àpáta ti gbóná, tó sì ń gba ojú sísán àpáta padà jáde kí ó tó tutù tán. Ìtàn ìyàwó méjì náà dára, ẹ jẹ́ kí a máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ èyí náà fún wọn.

Ìyá Ìbejì
A dúpẹ́, Tíṣà. N ó sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ti orogún ni wọn yóò máa rántí o.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìdànrè, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá ṣì ń dùn mí wọra. Lójú tiwa, orí òkè yẹn kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ìlú wa ni. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa gbé títí di àwọn ọdún 1920 tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ààfin Ọwá àtijọ́ wà pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí, ibẹ̀ sì ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1896 wà.

Orí òkè náà ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí. Nígbà tí wọ́n wà láyé, bí a bá gòkè lọ ṣe ọdún, wọn a dúró níwájú ògiri kan tí kò ga ju orúnkún lọ mọ́, wọn a fi ọwọ́ ara wọn fa koríko tó hù sórí rẹ̀ tu, wọn a wá sọ fún wa pé, "Ibí ni yàrá ìyá mi. Ibi tí ìwọ dúró sí yẹn, ààrò ni, kúrò níbẹ̀." A óò sì kúrò. Ògiri yẹn gan-an ni mo bá tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú àmì ọkàn láàárín méjèèjì. Mo gbìyànjú láti fi òkúta ha á kúrò, amọ̀ ògiri náà ló ń ya lulẹ̀, mo bá fi í sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Háà! Sára ògiri ilé onílé?

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Omi bọ́ lójú mi níbi "kúrò níbẹ̀" yẹn. Bí ìyá tó bí bàbá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àkàndé Ọdẹ
Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé ilé ni. Àwọn tó ń mú àlejò gòkè máa ń yára kọjá níbẹ̀ torí kí wọ́n lè tètè dé ààfin. Wọn ì bá dúró díẹ̀ kí wọ́n sọ pé, "Ilé ìdílé kan rèé," kò sẹ́ni tí yóò mú ọ̀dà jáde.

Ọ̀dọ́ Èkó
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá, ẹni tó ru ọ̀dà gba orí àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó kúrò nílé. Èmi náà gòkè yẹn lọ́dún yìí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Àtẹ̀gùn náà jẹ́ 667 gẹ́lẹ́.

Àdùkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
682 ni wọ́n sọ fún wa.

Ọ̀dọ́ Èkó
A kà á, ẹ̀gbọ́n.

Àdùkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
Ẹ kà á nígbà tí ẹ ń gòkè ni àbí nígbà tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀? Ẹni tó ti ń mí helehele kò lè kà nǹkan kan délẹ̀ tọ́.

Olùkọ́ Àgbà
Àwọn ìgbésẹ̀ kan ti fọ́, àwọn kan kò sì ju ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà bóyá yóò kà wọ́n mọ́ ọn. Ẹni méjì lè jọ gùn ún kí iye tí wọ́n kà má dọ́gba, kí ẹnì kankan má sì purọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, kí àgbàlagbà lò wọ́n dáadáa.

Ọ̀dọ́ Èkó
A gbà, Tíṣà. Ẹnì kan nínú wa kọ̀ láti ti ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta lókè lọ́hùn-ún o! Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, bó ti wù kó tóbi tó tàbí kó kéré tó, àfi ti àjẹ́. Ó ní okùn bàtà òun ti ta kókó. Láti ọjọ́ náà la ti ń fojú ṣọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló lu.

Ọmọ Ìdànrè
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Àjọ UNESCO ti kọ orúkọ òkè wa sílẹ̀ láti ọdún 2007, síbẹ̀ a kò rí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ògiri wọ̀nyí lójoojúmọ́.

Olùkọ́ Àgbà
Àbúrò, ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ dábàá ni wọ́n kọ ọ́ sí lọ́dún 2007, kì í ṣe ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé fúnra rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló ti wọ ìyẹn láti ọdún 2005. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé bí a bá fẹ́ kí Ìdànrè wọlé, irú ògiri tí ẹ ń sọ yìí gan-an ni wọn yóò wá wò. Ẹni tó bá ba ògiri yẹn jẹ́, gbogbo ìlú ló bà á jẹ́ fún.

Ọ̀dọ́ Èkó
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìdànrè, mo fẹ́ béèrè tọkàntọkàn. A gbọ́ pé ọdún òrìṣà Orósùn máa ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún. Ṣé a lè wá ya fọ́ńrán rẹ̀? Bí àwọn èèyàn bá rí i, àlejò yóò pọ̀ sí i, owó yóò sì wọlé fún àwọn tó ń tajà níbẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ lè wá, ẹ ó sì jẹun. Àmọ́ ọdún náà ní apá tí gbogbo ayé lè rí, ìlù, ijó àti aṣọ. Ó sì ní apá tí ó wà láàárín àwọn olórò àti Orósùn nìkan. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń wá gbàdúrà níbẹ̀. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú obìnrin tó ń sunkún níwájú òrìṣà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà, kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ gbé e sílẹ̀.

Ọ̀dọ́ Èkó
Ó yé mi, ẹ ṣeun, sà.

Àdùkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
Èmi kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọdún kan ti ń kú nílé wa nítorí pé a fi pa mọ́ fún àwọn ọmọ tiwa fúnra wa. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn kò mọ orúkọ ọdún kan ṣoṣo ní Ẹ̀fọ̀n, àfi èyí tó bá rí lórí fóònù.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ mú ọmọ náà wá sílé lọ́jọ́ ọdún. Èyí kò gba fóònù.

Àdùkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
Ta ni yóò san owó ọkọ̀?

Àkàndé Ọdẹ
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn obìnrin tó fẹ́ rìnrìn-àjò láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje: ẹ tẹ ẹnì kan láago ní ìlú tí ẹ ń lọ, kí ẹ béèrè bóyá Orò máa jáde lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n àlejò tó wà lójú ọ̀nà kì í gbọ́ ìkéde.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Ó ti bá ọ̀rẹ́ mi kan. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló wà láti àárọ̀ di alẹ́, òkè tó tìtorí rẹ̀ wá ló ń wò láti ojú fèrèsé.

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Ohun tí ẹnì kan kò tíì sọ ni ti ẹ̀bá ọ̀nà. Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ni ìgbín máa ń jáde, àwọn ọmọdé á tò ó sórí páànù létí títì, olú á wà níbẹ̀, máńgòrò náà á sì ti pọ́n. Àwọn èrò mi kan wà tí wọn kì í wo òkè rárá, ìgbín ni wọ́n ń bá lọ.

Àdùkẹ́ Ẹ̀fọ̀n
Èmi nìyẹn. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ́ Èkó
Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, aago mélòó ló yẹ ká gbéra?

Awakọ̀ Àkúrẹ́
Kò jìnnà, nǹkan bíi kìlómítà 20 ó lé díẹ̀ ni. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ lè ti gun òkè dé ààfin kí oòrùn tó mú, nítorí pé ọ̀sán ni òjò àsìkò yìí sábà máa ń rọ̀, àtẹ̀gùn yẹn kò sì ṣeé sọ̀kalẹ̀ nínú òjò. Ẹ mú omi mímu dání.

Ọmọ Ìdànrè
Bí ẹ bá dé òkè, ẹ pè mí lórí fóònù, n ó júwe ògiri náà fún yín. Mo ti bá ọ̀mọlé kan tó mọ iṣẹ́ amọ̀ dunjú sọ̀rọ̀. Ó ní òun lè rẹ́ ibi tí ọ̀dà náà wà láì ba ìyókù jẹ́, bí a bá rí ẹni méjì sí mẹ́ta tí yóò bá a ru omi gòkè.

Ọ̀dọ́ Èkó
Àwa mẹ́rin ni. A óò ru ú.