Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè fi rọ́pò idẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ìtàn ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1938. Ọmọ kan nawọ́: "Sà, ṣé òyìnbó ló bá wọn ṣe é ni?" Ó dùn mí, àmọ́ ẹ̀bi mi ni. Ọdún àti orúkọ nìkan ni mò ń kà fún wọn.

Mo wá ṣàlàyé bí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe ṣe é fúnra wọn: wọ́n á fi ìda bo amọ̀ tí wọ́n ti mọ bí orí, wọ́n á ya ojú, imú àti ẹnu sí i, wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó. Bí iná bá mú un, ìda á yọ́ ṣàn jáde, idẹ yíyọ́ á gba ipò rẹ̀. Èyí tó máa ń sùn ní kíláàsì ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Sà, ibo ni ìda ń gbà jáde?"

Àwọn ọmọ náà ti ní àwọn fẹ́ ṣe é báyìí. Mo fi àbẹ́là dípò ìda, àti pí-ó-pì (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi ṣe àjà ilé) dípò idẹ, dán an wò nílé. Amọ̀ mi ò tíì gbẹ tán tí mo fi gbé e kaná, ló bá sán. (Ìyàwó mi ṣì ń wá ìkòkò rẹ̀.)

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ọmọ ọdún 13 lè lò tí iná ò ní jó wọn? Àwọn òbí tó ń sọ pé ère òrìṣà ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ wọn ńkọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?