Kí ló ń mú àmì róbótó wá sáàárín àwòrán infrared mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá ayàwòrán. Wọ́n ti bá mi yọ gíláàsì tó ń dí infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí) kúrò níwájú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà mi, wọ́n fi fílítà 720nm, tó ń jẹ́ kí infrared kọjá, rọ́pò rẹ̀. Òkè Ìdànrè ni mo máa ń fi yà jù: ewé á funfun báláú, ojú ọ̀run á dúdú, àpáta á yọ gedegbe. Ó dára dọ́ba!

Àmọ́ tí mo bá lo lẹ́ńsì 50mm ní f/11 tàbí f/16 (ìyẹn tí ihò lẹ́ńsì bá kéré), àmì róbótó kan tó mọ́lẹ̀ ju ibi yòókù lọ á jókòó sáàárín gbùngbùn àwòrán. Ní f/4, tí ihò náà fẹ̀, ẹ ò ní rí i rárá. Lẹ́ńsì 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fura sí ohun tí wọ́n fi kun gíláàsì inú 50mm yẹn. (Ẹ má sọ pé white balance, ìyẹn ètò tó ń tún àwọ̀ ṣe nínú kámẹ́rà, ni o, ara koríko tútù ni mo ti ṣe é.)

Ṣé àmì náà ṣeé pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láìba ojú ọ̀run jẹ́, àbí kí n kúkú ta lẹ́ńsì 50mm náà? Lẹ́ńsì wo lẹ ti lò tí kì í ṣe irú èyí? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Tòkúnbọ̀ náà ò burú.