Ọ̀rọ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "in-" ń da ọmọ yìí láàmú o

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú pó fẹ́ gùn díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú níbí fẹ́ ṣe JAMB. Wọ́n kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì pé tí "in-" bá ti ṣáájú ọ̀rọ̀, "kì í ṣe" nìyẹn, incorrect, invisible, ó yé e dáadáa, àfi ìgbà tó rí inflammable lára táńkà epo, ló bá sọ pé nǹkan tí kì í gbiná nìyẹn, ẹ gbà mí! Nǹkan tó ń tètè gbiná mà ni. Invaluable náà, ó rò pé kò níye lórí ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣeyebíye gan-an ni.

Mo ra díkíṣọ́nárì fún un, ó ń há a sórí ó sì ń gbàgbé, mo ní kó máa fi wọ́n ṣe gbólóhùn, ó ní ó ń pẹ́ jù (ọmọ ayé ìsìnyí).

Ẹ̀yin tíṣà, ṣé kó to àwọn tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra pọ̀ kó kọ́ wọn papọ̀ ni, àbí kó kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà dàrú mọ́ ọn lójú? Ẹ ṣé o, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.