Kí ni mo lè fi tún adùn wisikí eléso mi ṣe kí ọdún tó dé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra ọdún o. Àlejò bí 20 ni mo ń retí nílé wa n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ fi wisikí po ohun mímu eléso tí a ó máa bù mu láti inú abọ́ ńlá kan. Mo fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti ọjà Bódìjà, mo pò ó mọ́ sobo tí mo fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sè, wisikí ife 1 sí omi èso ife 3. Àwọ̀ rẹ̀ wuyì, ṣùgbọ́n ó kan jù. Nígbà tí mo fi ṣúgà sí i, ọkọ mi ní ó ti di oògùn ikọ́. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Kí ni kí n fi dín kíkan náà kù láìpa adùn wisikí rẹ́? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.