Orúnkún fẹ́ sọ mí di arọ o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Onígàrí: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Gàrí ni mò ń tà ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ níbí, mo ti pé 54. Ó ti tó ọdún 3 tí orúnkún ọ̀tún ti ń dà mí láàmú. Orí àpótí kékeré ni mo máa ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kọ́sítọ́mà bá dé báyìí màá kọ́kọ́ di ẹnu àpò gàrí mú, màá ní "Jésù", kí n tó lè dìde, orúnkún á wá dún kẹ́kẹ́ bí igi gbígbẹ, àwọn tá a jọ ń tajà ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ya ẹ́síréè, dókítà ní làkúrègbé ni, pé kèrékèré, ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun, ló ti ń jẹ. Ó ní kí n jò díẹ̀, kí n sì máa rìn. Ẹ gbọ́, ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn ló tún fẹ́ máa rìn?

Ìyá Ìbejì Òkè-Àrò: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ, ẹ má ra kápúsù tí ò lórúkọ lára. Mo lò ó lálẹ́ Sátidé, nígbà tó di Sunday mo jó dé iwájú pẹpẹ! Oṣù 2 lẹ́yìn náà ojú mi wú rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ru sókè. Dókítà ní ó jọ pé wọ́n po steroid, oògùn líle kan tó ń mú wíwú lọ, mọ́ ọn.

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ wá gun òkè wa, àtẹ̀gùn ẹ̀ ò kúkú ju 600 àti díẹ̀ lọ 😂 Àwàdà ni o mà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jò, tó bá jẹ́ pé alaalẹ́ lẹ̀ ń jẹ iyán, ẹ dín in kù. Màmá mi ò fi iyán sílẹ̀ o (ta ló tó bẹ́ẹ̀), ọ̀sán ló ń jẹ ẹ́ báyìí, òkèlè ò sì pọ̀ mọ́.

Búọ̀dá Fisiọ: Mà, kèrékèré ò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ń rìn ni omi yẹn ń wọ inú ẹ̀ dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 níwájú Ààfin Déjì kóòrùn tó mú. Tẹ́ ẹ bá fi kílò 1 jò, bíi kílò 4 ló kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbésẹ̀. Àpótí yẹn ló burú jù, ẹ wá àga tó ga, tí ìdí yín ò ní rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ. Lórí ẹ̀ náà, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ, ẹ ka ení dórí àrún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, iṣan itan á lágbára láti bá orúnkún gbẹ́rù. Tẹ́ ẹ bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òsì ni kó wà, torí orúnkún ọ̀tún ló ń dùn yín. Ẹ má jẹ ibuprofen, oògùn ìrora yẹn, bíi súìtì, ó ń dá egbò sínú ikùn, kíndìnrín náà ò fẹ́ ẹ. Tó bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, tàbí tí ara ń le gan-in ju wákàtí kan lọ láràárọ̀, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Bàbá Ọ̀ndó: Àgbo ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Òkè-Àrò: Bàbá, ẹ rẹ táwẹ́lì sínú omi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ gbé e lé orúnkún. Ẹ fi àgbo sílẹ̀ jàre.

Ìyá Onígàrí: Ẹ ṣé gan-an o, ẹ ò ní ráàárẹ̀. Mo ti lọ bá káfíńtà, okùn àpò gàrí ni mo fi wọn gíga orúnkún mi fún un, aládùúgbò mi ní màá wá jókòó bí ọba lójà. Ọ̀pá yẹn, ẹ ní ọwọ́ òsì àbí ọ̀tún? Ọ̀tún ni mo ti ń lò ó látọdún tó kọjá.

Búọ̀dá Fisiọ: Òsì, mà. Òsì.